Ogún Dẹ̀síbẹ̀lì Ti Pọ̀ Jù, Ọmọ Mi

Ọmọ àbúrò mi fi ọkọ̀ gbé mi láti Stone Mountain lọ síbi ìsọmọlórúkọ kan ní Marietta. Fóònù rẹ̀ ló ń kọrin fún wa lórí I-285. OutKast, àwọn ọmọ Atlanta níbí, ló kọ́kọ́ lù, gíláàsì ọkọ̀ ń gbọ̀n. Haruna Ishola, olórin àpàlà, ló tẹ̀ lé e, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀ bíi ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti yàrá kejì. Ọmọ mi nawọ́, ó yí i sókè dé òpin. A gbádùn àgídìgbo dáadáa. Àfi bí orin yẹn ṣe parí, tí àwọn ọmọ Atlanta tún gbà á. Díẹ̀ ló kù kí n ṣílẹ̀kùn bẹ́ sílẹ̀ lórí eré.

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ má bínú, Bàbá. Fáìlì tiyín ni kò lóhùn. Tí mo bá délé, màá fi ogún dẹ̀síbẹ̀lì kún un."

Mi ò dá a lóhùn nínú ọkọ̀. Èsì mi rèé.

Kọ́kọ́ mọ ìdí tí ohùn àwọn bàbá wa fi rẹlẹ̀. Àwo ni wọ́n fi orin wọn sí. Ilà tín-ín-rín ni abẹ́rẹ́ ń tọ̀ lójú àwo. Bí ohùn bá ṣe le tó ni ilà náà ṣe ń yà sọ́tùn-ún yà sósì tó, tó sì ń gba àyè tó. Ẹni tó kọ orin ìṣẹ́jú mẹ́ta lè jẹ́ kí ilà tirẹ̀ fẹ̀ bó ṣe wù ú. Ṣùgbọ́n olórin tiwa fẹ́ ki olówó, ó fẹ́ ki ìyàwó olówó, ó fẹ́ dárúkọ gbogbo ẹgbẹ́ láìyọ ẹnì kan sílẹ̀. Orin kan ṣoṣo lè gba odidi ojú àwo, nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Kí ilà tó lè gba ojú kan, ó gbọ́dọ̀ fún mọ́ra, kí ó sì tó lè fún mọ́ra, ohùn gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀. Haruna Ishola àti I.K. Dairo, tí wọ́n dá ilé-iṣẹ́ àwo STAR sílẹ̀ ní 1969, kì í ṣe ẹni tí kò mọ iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ ló pọ̀ lẹ́nu wọn ju àyè lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹnì kan gbà á láti ara àwo sí kásẹ́ẹ̀tì, ẹlòmíràn gbà á láti kásẹ́ẹ̀tì sínú kọ̀ǹpútà. Ariwo "ṣààà" ti kásẹ́ẹ̀tì bá a wọlé. Ogún dẹ̀síbẹ̀lì tí o fẹ́ fi kún un yóò gbé "ṣààà" náà sókè bó ṣe gbé olórin sókè.

Òkè kan wà nínú fáìlì tí ohùn ò lè kọjá. Òdo ni wọ́n ń pè é, gbogbo ohùn yòókù wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ohun tó bá fẹ́ kọjá òdo, kọ̀ǹpútà á gé orí rẹ̀ pẹrẹsẹ bí ẹni fi àdá gé koríko. Mo mọ̀ ọ́n nítorí pé mo ti ṣe é. Kásẹ́ẹ̀tì ìsìnkú bàbá mi wà lọ́wọ́ mi, Abẹ́òkúta, 1987, rédíò kékeré kan ni wọ́n gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ onílù. Nígbà tí mo gbà á sínú kọ̀ǹpútà, ìgbì ohùn rẹ̀ tín-ín-rín bí òwú lójú mi. Inú bí mi sí i. Mo fà á sókè títí ó fi kún àpótí, mo sì tọ́jú rẹ̀ lé orí ti tẹ́lẹ̀. Lọ́dún tí mo kó kúrò nílé tí mo wà, mo da kásẹ́ẹ̀tì náà nù mọ́ pàǹtírí. Ọ̀pọ̀ oṣù lẹ́yìn náà ni mo fi íápíìsì gidi gbọ́ ọ. Níbi tí gángan ti ń ki bàbá mi, ní gbogbo ibi tí onílù ti fi tagbára-tagbára lù ú, ohùn náà ń ya bí aṣọ. Kò sí ẹ̀rọ tó lè dá orí tí mo gé padà.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ṣe ẹ̀dà fáìlì náà, kí o gbé ojúlówó sí ibi tí ọwọ́ rẹ ò ní tètè dé. Wo ibi tí ohùn rẹ̀ ga jù. Bó bá jẹ́ dẹ̀síbẹ̀lì méje ló fi wà nísàlẹ̀ òdo, fi mẹ́fà kún un, ó tán. Ṣùgbọ́n ṣọ́ra: nínú orin tó ti orí àwo wá, ohun tó ga jù lè má jẹ́ ìlù, kó jẹ́ "kà!" ibi tí àwo ti họ. Ìhọra kan péré lè tàn ọ́ pé àyè ti tán lókè. Mú un kúrò ná kí o tó wọ̀n ọ́n.

Má sì lo ẹ̀rọ tó ń fún orin pọ̀, tó ń rẹ ohùn gíga sílẹ̀ kó lè ti ohùn kékeré sókè. Ó dára fún ìwàásù. Bí o bá lò ó fún àpàlà, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ á máa bá olórin du ipò.

Ìdáhùn gan-an kì í ṣe lára Haruna. Àwọn tó ń pariwo ni kí o rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀rọ kan wà tó ń jẹ́ MP3Gain. Kì í tú orin palẹ̀ tún un kọ, iye tó sọ bí ohùn ṣe máa ga tó nínú fáìlì ló ń yí, dẹ̀síbẹ̀lì kan ààbọ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan, o sì lè dá a padà. 89 dẹ̀síbẹ̀lì ni ó ń fi ṣe òṣùwọ̀n. Orin ìgboro òde òní sábà máa ń kọjá 95. Mú gbogbo wọn wá sí 89, ọwọ́ rẹ ò ní máa sáré lọ sáré bọ̀ lórí bọ́tìnnì. Bó bá jẹ́ odidi àwo kan ni, ní kó wọ̀n ọ́n pọ̀, kí orin tí olórin fẹ́ kó rọra má baà ga bíi ti ijó.

Ọ̀rọ̀ etí ńkọ́? Àjọ CDC tó wà ní Clifton Road, láàárín ìlú tí à ń gbé yìí, ní ẹ̀ka kan tó ń rí sí ìlera òṣìṣẹ́. Ẹ̀ka náà ní ariwo 85 dẹ̀síbẹ̀lì kò gbọdọ̀ ju wákàtí 8 lọ lójúmọ́. Bí mẹ́ta bá ti kún un, àkókò náà pín sí méjì: 88, wákàtí 4, 91, wákàtí 2. Bó bá fi máa dé 100, ìṣẹ́jú 15 péré ni. Òfin ilẹ̀ Faransé, tí kò jẹ́ kí ẹ̀rọ orin àgbéká kọjá 100, ló mú kí Apple kó iPod kúrò lọ́jà níbẹ̀ fúngbà díẹ̀ ní 2002. Àwọn àgbà ní bí etí ò bá gbọ́ yìnkìn, inú kì í bàjẹ́. Etí mi òsì ti ń kọ yìnkìn báyìí, àti yìnkìn àti bẹ́ẹ̀lì tẹlifóònù. Òde àríyá ni mo ti rà á, lẹ́gbẹ̀ẹ́ sípíkà.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Abẹ́òkúta sọ fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá pé ẹ̀dà kásẹ́ẹ̀tì ìsìnkú náà wà nínú àpótí aṣọ òun. Ẹnì kan ń bọ̀ ní Dìsẹ́ńbà. Mo ti ní kó má gbé e sínú ẹrù, kó mú un lọ́wọ́. Bó bá ti balẹ̀, ìwọ ni n óò pè. Gbé kọ̀ǹpútà rẹ wá. Ṣùgbọ́n èmi ni n óò jókòó ti bọ́tìnnì.