Ọkọ̀ tó rò pé òun ṣì tutù

Bọ̀ọ̀dá mi ń fi Corolla wọn kó èrò láàárín Àkúrẹ́ àti Oǹdó. Láti May 29, 2023 tí ìjọba ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, gbogbo ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ló ń ka lítà epo bí ẹni ń ka owó. Ṣùgbọ́n tiwọn ju ọ̀rọ̀ epo tó wọ́n lọ. Epo tó máa ń gbé wọn lọ gbé wọn bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mejì ló ń gbé e mọ́. Sáléńsà ń tu èéfín dúdú, èrò ẹ̀yìn sì ń ráhùn òórùn epo. Mẹkáníìkì ti pààrọ̀ plọ́ọ̀gì, ó ti fọ injector, ó ti fi sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn tòkunbọ̀ sí i. Ní ìgbẹ̀yìn ó ní kí wọ́n lọ ra ẹ́ńjìnnì míì. Ìgbà yẹn ni bọ̀ọ̀dá pè mí: "Ìwọ tó ò ń ka sáyẹ́ǹsì, wá wo nǹkan yìí kí n tó lọ yá owó."

Epo kì í dá jó, afẹ́fẹ́ ló ń bá a jó. Gíráàmù epo 1 nílò nǹkan bíi gíráàmù afẹ́fẹ́ 14.7 kó tó lè jó tán. Bí epo bá pọ̀ ju ìyẹn lọ, ọ́síjìn ò ní kárí. Kábọ́ọ̀nù tí kò rí ọ́síjìn á di dúdú tó ń lẹ̀ mọ́ plọ́ọ̀gì bíi ti ìdí ìkòkò tí a fi igi dáná sí. Òmíràn á di kábọ́ọ̀nù mónọ́ksáìdì, gáàsì tí kò ní òórùn tó sì ń pani (ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tan irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ nínú gáréèjì tó pa dé). Epo tí kò jó tún ń yọ́ wọ inú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì. Mo fa irin tí a fi ń wọn ọ́ìlì yọ, mo gbóòórùn rẹ̀, epo ló ń rùn.

Injector tó ń jò lè fa èyí. Sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn afẹ́fẹ́ lè dọ̀tí, ohun tó ń ṣàkóso agbára epo nínú páìpù náà sì lè bàjẹ́. Ṣùgbọ́n kí á tó tú nǹkan kan, ó yẹ ká bi kọ̀ǹpútà ọkọ̀ léèrè ohun tó ń rí.

Mo fi skánà sí i. Sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn máa ń fi nǹkan bíi 0.1 volt hàn bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀, nǹkan bíi 0.9 bí epo bá pọ̀, á sì máa lọ sókè sódò bí ara ọkọ̀ bá yá. Tiwa dúró lókè 0.8 gbagidi. Ibí ni mẹkáníìkì ti ṣìnà: ó rí sẹ́ńsọ̀ tó ń pariwo pé epo pọ̀, ó sì yọ sẹ́ńsọ̀ náà jù nù. Òótọ́ mà ló ń sọ!

Kóòdù tó wà níbẹ̀ ni P0125, ìyẹn ni pé ẹ́ńjìnnì kò gbóná tó. Mo wo ìwọ̀n ooru omi rédíétọ̀ lójú skánà: 31°C. Oǹdó la ti ń bọ̀ o, a ti gba Bọ́lọ́rundúró àti Ọ̀wẹnà kọjá, a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Àkúrẹ́ ni. Mo fọwọ́ kan rọ́bà òkè rédíétọ̀, mo yára fa ọwọ́ padà. Géèjì iwájú náà wà lórí C. Bọ̀ọ̀dá rẹ́rìn-ín: "Ọkọ̀ tèmi kì í gbóná láé." Wọ́n tiẹ̀ fi ń yangàn.

Sẹ́ńsọ̀ ooru yẹn kì í ṣe awo. Bí ó bá tutù, iná á ṣòro láti gba inú rẹ̀ kọjá. Bí ó bá gbóná, iná á rọrùn láti kọjá. Nínú irú Toyota yìí, ó tó nǹkan bíi 2,400 ohm ní 20°C, ó sì ń já sí bíi 320 ohm ní 80°C. A pa ọkọ̀, mo yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Nǹkan aláwọ̀ ewé ti bo irin ẹnu rẹ̀. Mo fi mítà wọn sẹ́ńsọ̀ fúnra rẹ̀: bíi 300. Mo tún wọ̀n ọ́n láti ẹ̀yìn sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó ti lé ní 1,600. Ìdọ̀tí yẹn ló fi ohm tó kù kún un, kọ̀ǹpútà sì kà á sí òtútù. Bí ọkọ̀ bá tutù láàárọ̀, kọ̀ǹpútà máa ń fi epo kún un kó lè ráyè jó, kì í sì í tíì gbọ́ ti sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn. Ọkọ̀ bọ̀ọ̀dá mi wà ní àárọ̀ látàárọ̀ dalẹ́.

Kí ló dé tí kò fi sè? Wọ́n ti so fáànù rẹ̀ ní dáírẹ́ẹ̀tì, bí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wa ṣe rí, kò dúró de àṣẹ kọ̀ǹpútà. Ìyẹn ló bo àṣírí náà. (Àwọn kan tilẹ̀ ń yọ thermostat jù nù pé ìlú wa gbóná. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n yọ ọ́ lára rẹ̀ kì í tètè gbóná tó, ó sì ń mu epo. Dúpẹ́, ti bọ̀ọ̀dá ṣì wà.)

A pààrọ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì, a sì pààrọ̀ ọ́ìlì tí epo ti wọ̀. Skánà ka 87°C, sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sókè sódò. Bí ẹ bá ní skánà, ẹ dán èyí wò láàárọ̀ kí ẹ tó tan ọkọ̀: ìwọ̀n ooru omi àti ti afẹ́fẹ́ tó ń wọlé gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, torí gbogbo ara ọkọ̀ ló sùn sínú òtútù kan náà.

Ní ọjọ́ kejì, bọ̀ọ̀dá pè mí láti Oǹdó pẹ̀lú ìpayà. Géèjì ti kúrò lórí C, ó ti dé àárín. Mo ní kí wọ́n máa wa ọkọ̀ wọn lọ.