Àrùn Sífílíìsì àti Ìbẹ̀rù Ọsibítù

Ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí le díẹ̀ láti sọ, ṣùgbọ́n kò yẹ kí a gbé e mì. Òun ni àrùn sífílíìsì, tí àwọn kan ń pè ní rẹ́kórẹ́kó, láàrin àwọn ọkùnrin tí ń bá ọkùnrin lò pọ̀. Bí ẹnìkan ní Kétu bá ní kí ni ó kan òun, kí ó fara balẹ̀ kà á.

Egbò ni ó fi ń bẹ̀rẹ̀, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 3 lẹ́yìn ìbálòpọ̀. Kì í sábà dunni, ó sì lè wà ní ihò ìdí tàbí ní ẹnu, tí ẹni tí ó ní in kò ní rí i. Yóò jiná fúnra rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ó ti ń tan ènìyàn jẹ! Lẹ́yìn náà ara lè sú, títí dé àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀. Èyí náà yóò lọ. Àrùn kò lọ. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ó lè ba ọkàn, ọpọlọ àti ojú jẹ́.

Láti ọdún 1943 ni wọ́n ti ń fi pẹnisílíìnì wò ó ní Amẹ́ríkà. Bí ó bá jẹ́ tuntun, abẹ́rẹ́ ẹ̀ẹ̀kan tó. Bí ó bá ti pẹ́, a óò gbà á ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 3. Kápúsù tí a kàn rà ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì kò lè rọ́pò rẹ̀.

Kí ni ó wá dé tí àrùn tí ó ní oògùn ṣì ń tàn? Ìbẹ̀rù ni. Ní oṣù kìíní ọdún 2014 ni Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí òfin tí ó fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 lélẹ̀ fún ọkùnrin méjì tí ó bá ṣe ìgbéyàwó. Òfin náà kò ní kí dókítà lé aláìsàn. Síbẹ̀, àwọn olùwádìí tí ń tọ́jú irú àwọn ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ní Àbújá kọ ọ́ sílẹ̀ ní 2015 pé, nínú 100 ìgbà tí wọ́n wá, 25 ni wọ́n ti sọ ṣáájú òfin pé ẹ̀rù ìtọ́jú ń bà wọ́n; lẹ́yìn òfin, ó di 38. Nọ́ọ̀sì tí ó bá sì ń fi aláìsàn ṣe yẹ̀yẹ́, àrùn ni ó ń ràn lọ́wọ́.

Òmíràn nínú wọn ní ìyàwó nílé. Bí aboyún bá ní in láìgba ìtọ́jú, ọmọ lè kú sínú.

Ẹni tí ó bá fura, kí ó lọ sí ọsibítù ìjọba, irú èyí tí ó wà ní Gbàgádà, kí ó sọ òtítọ́ fún dókítà, kí wọ́n lè mọ ibi tí wọn yóò yẹ̀ wò. Kí ó ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ òun wò fún HIV pẹ̀lú. Kí ó sọ fún àwọn tí wọ́n jọ lò pọ̀, lọ́kùnrin lóbìnrin, nítorí bí a bá wo ẹnìkan ṣoṣo, yóò tún padà kó o lára èkejì.