ṢÉ Ó TI TÓ?

KÀ: Róòmù 4:1-10, Jákọ́bù 2:14-24
AKỌ́SÓRÍ: Éfésù 2:8-10 (Má ṣe dúró ní ẹsẹ 9 bí a ti máa ń ṣe. Há ẹsẹ 10 mọ́ ọn.)

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n ránṣẹ́ pè mí sí ilé bàbá àgbà kan ní Ìmíní. Àìsàn ti dá bàbá dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kì í ṣe àjèjì nínú ilé Ọlọ́run ni mò ń sọ yìí o. Àwọn ni wọ́n fún ìjọ ní ilẹ̀ tí a kọ́ ilé ìsìn sí. Wọn kì í pa ìpàdé àdúrà jẹ, wọn kì í sì í jẹ gbèsè ìdámẹ́wàá. Mo jókòó tì wọ́n, mo fẹ́ ka Sáàmù fún wọn. Bàbá di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní, "Pásítọ̀, gbogbo ohun tí mo ṣe wọ̀nyí, ṣé ó ti tó?"

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Ó ti wà lẹ́nu mi láti dáhùn pé, "Bàbá, ó ti tó dáadáa." Ohun tí a máa ń sọ nìyẹn láti fi tu arúgbó nínú. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ ọ́, irọ́ ni mo pa fún ẹni tí ó ń múra àtilọ pàdé Ẹlẹ́dàá rẹ̀. Bí mo bá sì ní kò tó, kí ni wọ́n tún fẹ́ rí ṣe lórí ibùsùn yẹn?

Olùfẹ́, ọjọ́ ti pẹ́ tí àwa Kristẹni ti ń jiyàn lórí ìbéèrè bàbá yìí. Àwọn kan ní oore-ọ̀fẹ́ nìkan ni, wọ́n di Pọ́ọ̀lù mú. Àwọn kan ní láìsí iṣẹ́, asán ni, wọ́n di Jákọ́bù mú. Martin Luther pàápàá, ní ọdún 1522, fi ìwé Jákọ́bù wé koríko gbígbẹ, nítorí lójú rẹ̀, ó ta ko Pọ́ọ̀lù. Èèyàn Ọlọ́run ni Luther, ṣùgbọ́n n kò rò pé ó tọ̀nà níbẹ̀. Pọ́ọ̀lù àti Jákọ́bù, Ábúráhámù ni àwọn méjèèjì fi ṣe àpẹẹrẹ, àmọ́ ọjọ́ tí wọ́n ń sọ yàtọ̀ síra.

Ọjọ́ tí Pọ́ọ̀lù ń sọ wà nínú Jẹ́nẹ́sísì 15. Ẹni ọdún 75 ni Ábúráhámù nígbà tí ó jáde ní Háránì, ẹni ọdún 86 sì ni nígbà tí a bí Íṣímáẹ́lì. Láàárín méjèèjì ni Ọlọ́run ní kí ó wo ìràwọ̀ ojú ọ̀run. Ó gba Ọlọ́run gbọ́, Ọlọ́run sì kà á sí òdodo fún un. Kò tíì kọlà o! Ó di ẹni ọdún 99 kí ó tó kọlà. Ísáákì ńkọ́? A kò tíì bí i.

Ọjọ́ tí Jákọ́bù ń sọ wà ní orí 22. Ísáákì ti dàgbà tó ẹni tí ó lè ru igi gun òkè, bàbá rẹ̀ sì ti lé ní ẹni 100 ọdún dáadáa. Nítorí náà, ẹni tí Ọlọ́run ti kà sí olódodo láti ọjọ́ ìràwọ̀ ni ó gun òkè Mòráyà. Jákọ́bù fúnra rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí ní ẹsẹ 23 ó padà sí Jẹ́nẹ́sísì 15. Orí òkè yẹn ni ó ti hàn pé ìgbàgbọ́ Ábúráhámù kì í ṣe ti ẹnu lásán.

Bí èyí bá ṣòro fún ọ, wo ẹni tí ó túmọ̀ ìwé Róòmù sí èdè wa, tí ó jáde ní 1850. Ọmọ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wa yìí náà ni, Samuel Àjàyí Crowther, ará Òṣoògùn. Wọ́n kó o lẹ́rú ní 1821. Wọ́n fi í pààrọ̀ ẹṣin nígbà kan. Wọ́n ń tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi bá ara rẹ̀ nínú ọkọ̀ àwọn Potogí. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà wọ́n lójú omi. Kí ni Àjàyí san? Kò san kọ́bọ̀. Kò tilẹ̀ gbọ́ èdè àwọn tí ó gbà á. Lẹ́yìn tí wọ́n ti gbà wọ́n tán pàápàá, ẹ̀rù ṣì ń bà wọ́n. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn rí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí a so kọ́ àti ọta ìbọn ńlá, àwọn sì rò pé ẹran ara àti orí àwọn ẹlẹgbẹ́ àwọn ni. Ẹni tí a ti gbà là ni ó ń gbọ̀n bẹ́ẹ̀! Irú wọn pọ̀ nínú ìjọ lónìí.

Lẹ́yìn náà ni ó kàwé, ó ṣèrìbọmi ní 1825, wọ́n fi í jẹ àlùfáà ní 1843, ó sì di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Kò sí ọ̀kan nínú iṣẹ́ wọ̀nyí tí ó ra òmìnira 1822.

Ṣùgbọ́n ká ní ó jókòó sí Freetown, tí ó ń jẹ, tí ó ń sùn, tí ó ní ọ̀fẹ́ ṣáà ni wọ́n gba òun ńkọ́? Ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ ìdí kóńgò wọlé lọ́jà, tí ẹ tún ń kọrin oore-ọ̀fẹ́ lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Yorùbá ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni.

Mo ṣí Lúùkù 23 fún bàbá. Mo ka ti olè orí àgbélébùú, ẹni tí kò fún ìjọ ní ilẹ̀, tí kò san ìdámẹ́wàá, tí kò ráyè ṣèrìbọmi. Mo ní, "Bàbá, tiyín kò tó. Tèmi náà kò tó. Ti Jésù ni ó tó."

Wọ́n dákẹ́ pẹ́. Wọ́n wá ní, "Ilẹ̀ tí mo fi sílẹ̀ yẹn ńkọ́?"

Mo ní, "Ẹ fi dúpẹ́ ni, Bàbá."

Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Wọ́n ní kí n tún ibi ti olè yẹn kà.

OHUN ṢÍṢE: Lọ kí arúgbó kan nínú ìjọ rẹ tí kò lè wá sí ìsìn mọ́. Ka Lúùkù 23:39-43 fún wọn.