Ẹ Wo Abẹ́ Ọkọ̀ Kí Ẹ Tó Tú Gíà

Ẹ̀kọ́ oṣù yìí wà fún ẹni tó fi owó ẹ̀yáwó ra píkọ́ọ̀pù fóòwíìlì, àti ẹni tó ń múra àtirà á.

Gbogbo wa la mọ bí inú àdúgbò wa ṣe ń rí lásìkò òjò. Tí ẹ bá ti yà kúrò ní títì Badagry, ẹrẹ̀ àti iyanrìn ló kù. Bí ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀ kò bá fà, ẹrù á jókòó síbẹ̀, tòmátì á rà, oníbàárà á bá tiẹ̀ lọ. Owó ẹ̀yáwó kò sì ní dúró de ẹnikẹ́ni. Mẹkáníìkì á ní, “Gíà ti lọ, ẹ lọ ra òmíràn.” Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yẹ ohun tí kò ná wa ní kọ́bọ̀ wò, kí a tó dé ibi tó ń gba owó.

Èkíní: Ṣé fóòwíìlì ni lóòótọ́? Gíga ọkọ̀ kọ́ la fi ń mọ̀ ọ́n. Toyota Tacoma PreRunner tó ń ti Amẹ́ríkà wá ga bíi fóòwíìlì, àmọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìkan ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń yí. Ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ wo abẹ́. Fóòwíìlì ní irin gígùn méjì tí wọ́n ń pè ní propeller, ọ̀kan lọ sẹ́yìn, ọ̀kan lọ síwájú. Gíà kejì tó ń pín agbára fún wọn wà láàárín. Transfer ni wọ́n ń pè é. Bí irin iwájú kò bá sí, yálà ọkọ̀ náà kì í ṣe fóòwíìlì, tàbí ẹnì kan ti tú u lọ.

Èkejì: Ẹ wo àárín ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì. Hilux àtijọ́ máa ń ní ohun tí a ń fọwọ́ yí níbẹ̀, tí wọ́n kọ FREE àti LOCK sí. Méjèèjì gbọ́dọ̀ wà ní LOCK. Bí ọ̀kan bá wà ní FREE, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni agbára á gbà sá lọ, èkejì kò ní fà.

Ẹ̀kẹta: Ẹ fi sí H4, kí ẹ wo iná tó wà níwájú awakọ̀. Bó bá ń ṣẹ́jú, kò tíì wọlé. Ẹ rọra sún síwájú tàbí sẹ́yìn díẹ̀. Ní ti L4, ẹ dúró pátápátá kí ẹ tó fi sí i. Bí iná bá ń ṣẹ́jú títí, ẹ yẹ fíúsì àti wáyà wò. Àwọn ọkọ̀ mìíràn ní ọ̀pá rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń fa afẹ́fẹ́ láti so ẹsẹ̀ iwájú pọ̀. Bó bá là, tàbí tí eku bá jẹ ẹ́, kò ní so mọ́.

Ẹ̀kẹrin: Bí ọkọ̀ bá rì, tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ń yí lásán lórí H4, kí ẹnì kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, lókèèrè, kó wo irin iwájú. Bí irin yẹn kò bá yí rárá, ọ̀dọ̀ transfer ni àrùn wà. Bó bá ń yí tí ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì dúró, àrùn wà níwájú. Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ iwájú kan ṣoṣo ló ń yí, ẹ má bẹ̀rù. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe ọ̀pọ̀ wọn.

Ẹ̀karùn-ún: Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ òróró transfer àti ti iwájú wò. Bó bá funfun bí ògì, omi ti wọ̀ ọ́. Ẹ pa á dà kíákíá.

Ìkìlọ̀ kan: ẹ má fi H4 sáré lórí ọ̀dà gbígbẹ. Bí ọkọ̀ bá ń yí kọ́nà, ẹsẹ̀ iwájú àti ti ẹ̀yìn kì í rin iye ọ̀nà kan náà. Irin á máa lọ́ra wọn, ìdarí á le, gíà á sì lè bàjẹ́. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ jẹ́ ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú. Táyà tokunbo kan tó tóbi ju ìyókù lọ lè dá irú wàhálà yìí sílẹ̀.

Ẹ kọ ohun tí ẹ rí sínú ìwé, kí ẹ gbé e fún mẹkáníìkì. Bó bá di pé ẹ ó ra pátì ní Trade Fair, ẹ mú èyí tó bàjẹ́ dání. Ẹni tó sì fẹ́ ra tokunbo, kó dán an wò nínú iyanrìn kó tó sanwó. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Ìbéèrè fún ìpàdé wa: (1) Kí ni iná tó ń ṣẹ́jú ń sọ fún wa? (2) Báwo la ṣe ń mọ̀ bóyá transfer ni àrùn wà tàbí níwájú?

Ọ̀nà á là o.