Ìpàdé Ẹni Méjì

Kaboua, Ṣábẹ̀

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi,

Ìyá rẹ jíṣẹ́ rẹ fún mi. O ní dókítà ní Kùtọnù sọ pé kí o máa jókòó ti àwọn tó ti fi ọtí sílẹ̀, kí ẹ jọ máa sọ̀rọ̀, o sì fẹ́ mọ̀ bóyá irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ wà nílé kí o tó máa bọ̀. Èmi ò mọ ọ̀kankan ní Kaboua. Máa bọ̀ bẹ́ẹ̀ náà.

Jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ìpàdé yìí ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1935, oníṣòwò kan láti New York, Bill Wilson, wà ní ìlú Akron ní Amẹ́ríkà. Òwò tó bá lọ ti dàrú. Ó ti tó oṣù márùn-ún tí ọtí ti kan ẹnu rẹ̀ gbẹ̀yìn, ó wá ń gbọ́ ariwo àwọn tó ń mutí nínú òtẹ́ẹ̀lì tó wọ̀ sí. Ìdí tẹlifóònù ló gbà lọ. Ó ń pe àwọn àlùfáà ìlú lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní kí wọ́n bá òun wá ọ̀mùtí kan tí òun lè bá sọ̀rọ̀. Bó ṣe dé ọ̀dọ̀ Bob Smith nìyẹn, dókítà oníṣẹ́ abẹ tí ọtí ti fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bob ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lòun máa fún un. Ó lé ní wákàtí mẹ́fà kí wọ́n tó dìde. Ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹfà ọdún náà, tí wọ́n kà sí ọjọ́ tí Bob mutí kẹ́yìn, ni ẹgbẹ́ tí àwọn Faransé ń pè ní Alcooliques Anonymes fi ń ka ọjọ́ ìbí rẹ̀.

Bill ò wá ṣàánú Bob o. Ẹ̀mí ara rẹ̀ ló ń wá bí yóò ṣe gbà là, ẹlòmíràn tó ní irú àrùn rẹ̀ nìkan ló sì lè gbọ́ ohun tó fẹ́ sọ. Títí dòní, ẹni méjì tàbí mẹ́ta tó bá péjọ nítorí àtifi ọtí sílẹ̀ ti di ẹgbẹ́ lójú wọn. Wọn kì í gba owó ìwọlé. Kí ó ti wù ọ́ láti jáwọ́, ó tán.

Ẹnì kejì rẹ sì wà nílé níbí. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀ sínú ìwé, ṣùgbọ́n o mọ̀ ọ́n dáadáa, òun fúnra rẹ̀ ló sì wá bá mi.

Fóònù rẹ náà á wúlò. Láti ìgbà Kòrónà ọdún 2020, púpọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ yìí ti ń ṣèpàdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn tó ń sọ Faransé sì wà lára wọn. Kọ́kọ́ jókòó gbọ́ wọn, kí o rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é: ẹnì kan á sọ tẹnu rẹ̀ títí yóò fi tán, wọn ò ní já lù ú, wọn ò sì ní bá a wí. Èyí nira fún wa níbí, torí àgbà wa kì í gbọ́ ẹjọ́ kó má dá a. Nítorí náà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi ni mo fún yín. Èmi fúnra mi á wà ní ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n tún ní orúkọ àbísọ nìkan ni kí èèyàn dá níbẹ̀. Ní Kaboua tí gbogbo ayé mọ bàbá tó bí ọ, ẹ ò lè fi orúkọ pamọ́. Ọ̀rọ̀ tí ẹ bá sọ lẹ lè pa mọ́, kí ó má dé ìsọ̀ àwọn tó ń ta ọtí sódàbì.

Àwọn kan nínú ẹbí ní kí a mú ọ lọ búra nídìí ògún. Mo kọ̀. Ẹni tó búra tó sì tún mu, ìbẹ̀rù ìbúra yẹn ni yóò tún máa mutí gbàgbé.

Bí o bá sì tún ṣubú, tí o mu fún ọjọ́ púpọ̀, má fi agídí dá a dúró lójijì ní ìwọ nìkan. Ara tí ọtí ti mọ́ lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, gìrì lè mú un, láàárín ọjọ́ méjì mẹ́ta ó lè máa rí ohun tí ẹlòmíràn ò rí, ó sì lè kú. Ilé ìwòsàn Ṣábẹ̀ ni a ó gbé ọ lọ, bí àwọn èèyàn tilẹ̀ ń pariwo pé ayé ló ń bá ọ jà. Nígbà tí àwọn èèyàn ń kú lójijì ní Òde-Ìrèlè, ìpínlẹ̀ Oǹdó, ní ọdún 2015, àwọn kan ní òrìṣà ló ń bínú. Májèlé mẹtánọ́ọ̀lù inú ògógóró ló pa wọ́n.

Àsìkò tí mo ń bẹ̀rù jù ni ti owó kajú, nígbà tí gbogbo ọwọ́ bá ní owó lẹ́ẹ̀kan náà, àti ti ọ̀wẹ̀ ebè, torí sódàbì ni wọ́n fi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó wá. Ní ọdún àkọ́kọ́, má lọ sí ọ̀wẹ̀ ẹnikẹ́ni. Fi owó ránṣẹ́ dípò ara rẹ. Èmi ni n ó bá wọn sọ̀rọ̀. Ní ti ìwúre nílé wa, mo ti bá àwọn àgbà parí rẹ̀: omi tútù ni a ó máa lò. Omi là ń tà sílẹ̀ kí sódàbì tó dé ilẹ̀ yìí.

Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni ẹnì kejì rẹ mú. Bí ó bá di ọjọ́ kan tí ìwọ nìkan lo wá, má padà sílé. Tan fóònù, kí o wá àwọn ti íntánẹ́ẹ̀tì. Kí o sì gba ìwé oògùn rẹ lọ́wọ́ dókítà kí o tó wọkọ̀, kí àwọn ti Ṣábẹ̀ lè mọ ohun tí wọ́n ti fún ọ.

Èmi ni,
Àbúrò bàbá rẹ