Gáàsì Fíríìjì Kì í Tán Bí Epo Àtùpà

Bí fíríìjì kò bá mú omi tutù mọ́, ohun tí a sábà máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ní Òkè-Ògùn, láti Ìsẹ́yìn títí dé Ṣakí, ni pé gáàsì rẹ̀ ti tán. Ìyá tó ń ta omi inú ọ̀rá tàbí ẹja tútù á yọ lára èrè rẹ̀, wọ́n á rọ gáàsì, kò sì ní pẹ́ tí wàhálà náà yóò tún fi bẹ̀rẹ̀. Owó yìí ń dunni, nítorí ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò yẹ kó jáde rárá. Gáàsì fíríìjì lè jò, àmọ́ kì í tán. Ẹ wo amù tó wà nígun ilé. Omi díẹ̀díẹ̀ ń la ara amọ̀ jáde, afẹ́fẹ́ ń gbé e lọ, bó sì ti ń lọ, ó ń gbé ooru kúrò lára omi tó kù nínú. Fíríìjì ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n gáàsì tirẹ̀ kì í bá afẹ́fẹ́ lọ. Inú páìpù tí wọ́n dí pa ló ti ń yí po: á gbé ooru inú àpótí, kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ á fún un pọ̀, á da ooru náà sílẹ̀ lẹ́yìn fíríìjì, á tún padà wọlé. Kì í jó tán bí epo àtùpà, kì í sì í tán bí gáàsì ìdáná tí à ń lọ rọ. Bí páìpù kò bá lu, ó lè wà níbẹ̀ fún ogún ọdún.

Kí ló wá ń ṣe fíríìjì? Iná ni ẹ kọ́kọ́ wò. Fólíìtì 230 ni fíríìjì wa ń fẹ́. Nírọ̀lẹ́, tí gbogbo àdúgbò bá rọ̀ mọ́ tiransifọ́mà kan, gílóòbù á pọ́n bí ẹyin iná, fáànù á máa fà. Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ á kùn, kò ní lè dìde, á ró kẹ́, á dákẹ́, á tún bẹ̀rẹ̀. Ìró yẹn kì í ṣe ti gáàsì, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì títí iná yóò fi lágbára. Bí iná bá lọ tó sì dé lójú ẹsẹ̀, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ tó tàn án, kí agbára tó ki nínú páìpù lè rọlẹ̀.

Eruku ló tẹ̀ lé e. Láti oṣù kọkànlá ni ọyẹ́ ti ń kó eruku aṣálẹ̀ wá sílẹ̀ wa, bí ilé bá sì sún mọ́ ibi tí wọ́n ti ń hun aṣọ òkè, fọ́nrán òwú á tún kún un. Gbogbo rẹ̀ á bo wáyà dúdú tó wà lẹ́yìn fíríìjì, níbi tí ooru ti yẹ kó jáde. Fíríìjì á wá dà bí ẹni tó wọ agbádá mẹ́ta lóòrùn. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a, ẹ sì fa fíríìjì kúrò lára ògiri. Ẹ tún wo bébà kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Bí lẹ́tà N tàbí SN bá wà níbẹ̀, yàrá tí ooru rẹ̀ kò ju 32 lọ lórí ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì ni wọ́n ṣe é fún. ST dé 38, T dé 43. Ọ̀sán oṣù kejì àti ìkẹta ní Ṣakí máa ń kọjá 32, nítorí náà, tòkunbọ̀ tó ti ilẹ̀ òtútù wá lè máa ṣiṣẹ́ láìsinmi kí gáàsì rẹ̀ sì pé pérépéré. Rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn náà ń kó bá a: ẹ fi owó bébà há a, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ fà á. Bó bá yọ wọ́ọ́rọ́wọ́, ooru ń gba ibẹ̀ wọlé.

Ẹnìkan lè ní, "Ṣebí ìgbà tí wọ́n rọ gáàsì sí i ló tutù?" Òótọ́ ni. Fọkanáísà tó fẹ́ afẹ́fẹ́ sí táyà tó lu náà á gbé ọkọ̀ dìde, bí kò bá sì lẹ̀ ẹ́, ẹ ó padà wá. Fíríìjì tó tutù fún oṣù méjì tó tún yọnu ń sọ fún wa pé ihò kan wà tí ẹnikẹ́ni kò wá. Ẹni tó mọṣẹ́ á fi ọṣẹ tí wọ́n pò mọ́ omi pa oríkèé páìpù, ibi tó bá ń hó ló ti lu. Á wo ibi tí òróró ti rin pẹ̀lú, nítorí òróró kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ máa ń bá gáàsì jáde. Á dí i, á fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, kó tó rọ gáàsì. Ọ̀bẹ sì wà lára ohun tó ń dá irú ihò yìí sílẹ̀. Yìnyín á bo ẹran, a ó máa kánjú, a ó fi ọ̀bẹ gún un, bẹ́ẹ̀ páìpù tín-ín-rín wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ pa iná, ẹ ṣí ilẹ̀kùn, ẹ gbé abọ́ omi gbígbóná sínú rẹ̀, yìnyín á yọ́.

Àwọn mìíràn á ní ohun tó bá ti jẹ mọ́ iná kì í ṣe ohun tí ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ ń fọwọ́ kàn. Mo gbà. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ojú, etí àti búrọ́ọ̀ṣì nìkan ni ohun tí mo kà sílẹ̀ ń béèrè. Bí ara fíríìjì bá ń gbé èèyàn, ẹ jìnnà sí i. Bí wọ́n bá kọ R600a sẹ́yìn rẹ̀, gáàsì tó ń gbiná ni, ó bá gáàsì ìdáná tan. A kì í fi iná jó páìpù rẹ̀ nígbà tí gáàsì ṣì wà nínú rẹ̀, a kì í sì í rọ gáàsì mìíràn bíi R134a dípò rẹ̀. Ẹ fi nọ́ńbà náà han ẹni tí ẹ pè kó tó tú irinṣẹ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì ní kó fi ibi tí gáàsì ti ń jò hàn yín.