Ẹ Fọwọ́ Kan Aṣọ Kí Ẹ Tó Béèrè Iye Rẹ̀

Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú tó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí yàrá rẹ̀ kangun sí tèmi níbí ní Ìjòkò wá fi apá rẹ̀ hàn mí. Ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń yọ́ irin lágbègbè Ọ̀tà ló ti ń ṣiṣẹ́. Iná ta sí i lápá. Ibi tí iná náà bà gan-an kò ju orí ìka lọ, ṣùgbọ́n ṣẹ́ẹ̀tì tó wọ̀ yọ́ mọ́ ọn lára. Nígbà tó sì fi ìrora fà á ya, awọ ara rẹ̀ bá a lọ. Mo ní kó lọ mú ṣẹ́ẹ̀tì náà wá. Ó ń dán, ó fẹ́lẹ́, ó wuyì lójú. Ó ní gbàǹjo lòun ti rí i rà ní Sángo, owó pọ́ọ́kú. Mo fa fọ́nrán kan yọ lára rẹ̀, mo ṣá iná sí i. Kò jó bí òwú ṣe ń jó. Ńṣe ló ká kò, tó yọ́, tó sì di kókó dúdú líle. Ọ̀rá ni ọmọ náà wọ̀ lọ sídìí iná.

Kò sí ẹni tó sọ fún un rí. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn, nítorí pé láti ìgbà ọmọge mi ni mo ti ń ra aṣọ òkìríkà, ògiri kan ṣoṣo ló sì wà láàárín èmi àti ẹ̀. Wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Àkísà tèmi ni mo fẹ́ tú sílẹ̀ fún yín yìí, ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń jí ní ìdájí lọ sẹ́nu géètì àwọn ilé iṣẹ́, tí owó oṣù yín kò sì tó ohun tí ẹ lè gbé lọ sí ṣọ́ọ̀bù olówó ńlá.

Ibi tí aṣọ náà ti ń bọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan ń gbé ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ọmọ Nàìjíríà pọ̀ sí. Ó ní àwọn ṣọ́ọ̀bù kan wà tí wọ́n ń pè ní ṣárítì. Ẹni tí aṣọ rẹ̀ bá ti sú u á kó o sínú àpò, á gbé e fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn náà á tà á lówó kékeré, wọ́n á fi èrè rẹ̀ ran aláìní lọ́wọ́. Ẹgbẹ́ Oxfam, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1942, wà lára wọn. Ní Amẹ́ríkà, Goodwill ti wà lẹ́nu irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láti ọdún 1902. Aṣọ tí àwọn èèyàn ń kó wá sì pọ̀ ju èyí tí ṣọ́ọ̀bù lè tà lọ. Èyí tó bá ṣẹ́kù, àwọn oníṣòwò á fi ìwọ̀n rà á, wọ́n á ṣà á sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n á fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ di béèlì, ó di inú ọkọ̀ òkun. Àwọn ará Gánà ń pè é ní obroni wawu, aṣọ òyìnbó tó ti kú. Ẹni tó ni ín kò kú, ẹ̀yin ọmọ mi. Aṣọ ló sú u. Àwa ń pè é ní òkìríkà nítorí ìlú Òkìríkà tó wà létí omi nítòsí Port Harcourt, ọ̀nà ibẹ̀ la sì máa ń gbọ́ pé ó kọ́kọ́ gbà wọlé.

Lónìí, ọ̀pọ̀ rẹ̀ máa ń gúnlẹ̀ sí Kùtọnu. Ẹni tó bá ti dé ọjà aṣọ àlòkù Missèbo níbẹ̀, tí kò jìnnà sí ọjà Dantokpa, yóò mọ ohun tí mò ń sọ. Ìjọba Nàìjíríà ti fòfin de kíkó aṣọ àlòkù wọ ilẹ̀ wa, síbẹ̀ ojú ọ̀nà tó gba Ìdírókò, Òwódé àti Àtàn wá sí Ọ̀tà kò ṣófo. Mo ní láti sọ̀rọ̀ yìí tìfẹ́tìfẹ́, torí mo mọ̀ pé ẹnìkan máa wá bá ọ̀kan nínú yín pé kó wá bá òun gun ọ̀kadà gba inú igbó lóru, ìrìn kan péré, owó gidi. Ẹ má lọ. Nígbà tí ìjọba ti ibodè ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, tí Ìdírókò kò sì ṣí títí di ọdún 2022, àwọn tó ń ṣe fàyàwọ́ kò dáwọ́ dúró, ìbọn àwọn aṣọ́bodè náà kò sì dáwọ́ dúró. Ìyá tó ń sin ọmọ kò bìkítà bóyá béèlì náà dára. Ẹ lè ra aṣọ tí wọ́n ti pàtẹ sọ́jà láìjẹ́ pé ẹ di ẹni tó ń fi ẹ̀mí gbé e wọlé.

Ó kan ọjà wàyí. Katangua lẹ́gbẹ̀ẹ́ Abúlé-Ẹ̀gbá ni mo mọ̀ jù, torí ọkọ̀ kan láti Sángo ti gbé mi débẹ̀. Àárọ̀ tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ já béèlì ni aṣọ dáa jù, ìgbà yẹn náà ló sì wọ́n jù. Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n á da ìyókù sílẹ̀ lórí ọ̀rá, wọ́n á máa pariwo iye kan ṣoṣo fún gbogbo rẹ̀, ẹ ó sì bẹ̀rẹ̀ tú u. Ìrọ̀lẹ́ ni mo fẹ́ràn. Àwọn tó wá ní àárọ̀ ti kó èyí tí lébẹ́lì rẹ̀ lókìkí lọ, wọ́n fi èyí tí aṣọ rẹ̀ lágbára sílẹ̀ fún mi.

Ọwọ́ yín ni kó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Ẹ fún aṣọ náà pọ̀ nínú àtẹ́lẹwọ́, kí ẹ kà dé ogún, kí ẹ tú u sílẹ̀. Òwú á rún. Ọ̀rá á fò padà bí ẹni pé ẹ kò fọwọ́ kàn án. Ẹ kán omi díẹ̀ sí i: òwú á fà á mu, ọ̀rá á jẹ́ kó máa yí. Ẹ wá lébẹ́lì kékeré tó wà ní ẹ̀gbẹ́ inú, kì í ṣe ti ọrùn. Ibẹ̀ ni wọ́n kọ ohun tí wọ́n fi hun ún sí. Bó bá jẹ́ cotton ni gbogbo rẹ̀, ó dára. Bí polyester tàbí nylon bá pọ̀ níbẹ̀, ẹ lè wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí lọ sóde àríyá, ṣùgbọ́n kó má ṣe dé ìdí wẹ́dà, kó má dé ìdí iná irin, kó má sì dé ìdí àdògán. Lébẹ́lì lè ti já. Nígbà náà, ẹ fa fọ́nrán kan yọ ní ìṣẹ́tí tí kò hàn, ẹ gbé e délé, kí ẹ fi ìṣáná sí i. Òwú á jó bíi bébà, á rùn bíi bébà, á fi eérú sílẹ̀ tó ń lọ̀ lọ́wọ́. Ohun tó bá di kókó, ẹ yà á sọ́tọ̀ kúrò lára aṣọ iṣẹ́.

Jíǹsì àtijọ́ tó nípọn wà lára aṣọ iṣẹ́ tó dára jù tí owó kékeré lè rà. Súwẹ́tà tí okùn ń yọ jáde ní ọrùn rẹ̀, ẹ fa okùn náà yọ kí ẹ tó wọ̀ ọ́ sún mọ́ ẹ̀rọ tó ń yí. Apá aṣọ kó má ṣe máa fẹ́ lẹ́lẹ́. Àmọ́ ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òkìríkà dípò ohun tó jẹ́ ẹ̀tọ́ yín. Òfin ilé iṣẹ́ ilẹ̀ wa ní kí agbanisíṣẹ́ pèsè aṣọ ààbò fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ léwu. Ẹ béèrè fún un. Bí ẹ̀rù bá ń ba ẹnìkan láti dá béèrè, kí ẹ pé márùn-ún. Bí aṣọ bá sì yọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni lára, ẹ má fà á. Omi tútù tó ń ṣàn ni kí ẹ fi sí i fún ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ gbé onítọ̀hún lọ sí ilé ìwòsàn pẹ̀lú aṣọ náà lára rẹ̀.

Àwọn nǹkan tó kù kò gba àkókò. Ẹ gbé aṣọ sókè sí oòrùn kí ẹ lè rí ihò. Ẹ wo abíyá, ẹ wo àárín itan ṣòkòtò, ẹ fa síìpù lọ fà á bọ̀. Òórùn béèlì á lọ tí ẹ bá fọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n àmì dúdú tó hù lára aṣọ nítorí ọ̀rinrin kì í lọ. Bí ẹ kò bá rí ibi wọ ṣòkòtò wò, ẹ fi ìbàdí rẹ̀ yí ọrùn yín ká. Bí etí rẹ̀ méjèèjì bá pàdé lẹ́yìn láìfún yín, á gbà yín. Ẹ̀yin obìnrin, nọ́ńbà 12 ti Gẹ̀ẹ́sì bá nọ́ńbà 8 ti Amẹ́ríkà mu, nítorí náà téèpù ló dáa kí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé. Pátá àti bíríẹ́rì, tuntun ni kí ẹ máa rà. Gbogbo ohun tó kù, omi gbígbóná, ọṣẹ, oòrùn, áyọ́ọ̀nù, kó tó kan ara.

Nígbà tí ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní SAP dé lọ́dún 1986, tí owó oṣù ọkọ mi kò ra nǹkan kan mọ́, mo máa ń kó òkìríkà wálé, mo sì ń sọ fún àwọn ìyàwó ilé pé àbúrò mi ló fi ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù. Mi ò ní àbúrò kankan ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà. Mo ń parọ́ fún àwọn obìnrin tó ń wá ọ̀nà tí wọ́n á gbà bo ọmọ wọn lára, bẹ́ẹ̀ mo mọ ibi tó wà, mi ò mú wọn débẹ̀. Ó ṣì ń dùn mí. Lóòótọ́, aṣọ là ń kí kí a tó kí ènìyàn, ìdí nìyẹn tí mo fi fi í pamọ́. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n mi ní ní Peckham, olùkọ́ àti nọ́ọ̀sì jọ ń tú aṣọ ní ṣárítì ni, wọ́n á sì tún fi èyí tí wọ́n rí han ara wọn.

Ohun tí ẹ bá rí fi pamọ́ nínú owó, ẹ jẹ́ kí díẹ̀ nínú rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn wa. Mo mọ ìgbà tí ilé iṣẹ́ aṣọ kún Ìkẹjà, mo sì mọ àwọn tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kí ọ̀pọ̀ wọn tó ti ilẹ̀kùn. Kaduna Textiles tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1957 náà ti kógbá sílé. Bí ẹ bá ra ṣòkòtò tó tóbi, ẹ gbé e fún télọ̀ àdúgbò kó dín in kù. Bí ìnáwó bá sì dé, ẹ gun ọkọ̀ lọ sí Ìtòkú ní Abẹ́òkúta, kí ẹ ra àdìrẹ tí ọwọ́ obìnrin Ẹ̀gbá dì tó sì rẹ.

Ní Sátidé tó ń bọ̀, bí apá ọmọkùnrin yẹn bá ti gbẹ díẹ̀, èmi àti ẹ̀ ń lọ sí Katangua lọ wá ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́ta tó jẹ́ òwú pọ́ńbélé. A ó kúrò ní Ìjòkò ní aago mẹ́ta ọ̀sán, ká lè bá wọn lórí ọ̀rá. Ẹni tó bá fẹ́ bá wa lọ, kó wá kan ilẹ̀kùn mi, kó mú téèpù dání.